Gọ́tà Adankolo: Iṣẹ́ Ta Ni?

Ọ̀rọ̀ omi tó ń yalé wa ní Adankolo, níbí ní Lọ́kọ́ja, ni mo bá wá, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ káńsù ni mo fẹ́ gbé e lọ. Gbogbo ìgbà tí omi bá ya wọlé wa, ohun tí à ń sọ ni pé Odò Ọya kún, Odò Bẹ́nuè kún, wọ́n ti ṣí omi dáàmù sílẹ̀ ní Kamẹrúùnù. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Tí a bá sì ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, a ó dákẹ́, àfi bíi pé kò sí ọ́fíìsì kankan nínú ìlú yìí tí òfin gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ omi. Ó wà. Ìjọba ìbílẹ̀ Lọ́kọ́ja ni. Ẹ jẹ́ ká jọ wo iṣẹ́ náà láàárọ̀ yìí, ká mọ ohun tó tọ́ kí á bèèrè lọ́wọ́ alága àti káńsẹ́lọ̀ wa, ká sì mọ èyí tí kò sí ní ìkáwọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ti odò. NIHSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ kíkún àti fífà odò, ní òpó ìwọ̀n kan sí Lọ́kọ́ja níbí. Lọ́jọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, omi ga dé mítà 12.84 lára òpó náà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé 500 tí ìjọba kọ́ sí Adankolo nígbà náà, ẹ mọ ohun tí ojú yín rí. Jákèjádò Nàìjíríà, èèyàn 363 ló kú lọ́dún yẹn, àwọn tó sì sá kúrò nílé lé ní mílíọ̀nù méjì. Ọ̀pọ̀ wa rò pé irú rẹ̀ kò tún ní í ṣojú wa mọ́. Ọdún mẹ́wàá péré ni a fi sinmi. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, omi kọjá mítà 13 lára òpó kan náà. Àwọn tó kú ní orílẹ̀-èdè yìí lé ní 600. Títì Lọ́kọ́ja sí Àbújá wọ inú omi ní apá Koton-Karfe, àwọn táńkà epo há sójú ọ̀nà, epo bẹtiróòlù sì di ohun tí wọ́n ń tò fún ní Àbújá.

Kò sí alága káńsù tó lè dá irú omi bẹ́ẹ̀ dúró. Dáàmù Lagdo tó wà lórí Bẹ́nuè ní Kamẹrúùnù, láti ọdún 1982 ni wọ́n ti kọ́ ọ parí. Ètò tó wà nílẹ̀ ni pé kí Nàìjíríà kọ́ tirẹ̀ sí Dasin Hausa ní Ìpínlẹ̀ Adamawa, kí ó lè máa gba omi tí wọ́n bá tú sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Dáàmù yẹn kò tíì sí títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Kainji àti Jebba wà lórí Ọya, Shiroro wà lórí Odò Kaduna, ìjọba àpapọ̀ ló sì ni àṣẹ lórí wọn. Àní NIWA tó ń mójú tó ojú omi inú ilẹ̀ wa, inú Lọ́kọ́ja níbí ni olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ wà, Àbújá ló sì ń jíhìn fún. Àbújá ni kí a gbé ẹjọ́ gbogbo ìyẹn lọ, kí a má sì jẹ́ kó rẹ̀ wá.

Ṣùgbọ́n omi méjì ló ń wọ Adankolo. Ẹ̀yin tó ń gbé níbẹ̀ ẹ mọ̀ wọ́n yàtọ̀ síra. Omi kan ń ti òkè bọ̀. Ìlú wa wà láàrin Òkè Patti àti odò, nítorí náà bí òjò ńlá bá rọ̀, àgbàrá á já wálẹ̀ láti orí òkè, á máa wá ọ̀nà dé Ọya. Èyí kì í dúró de oṣù kẹsàn-án. Òjò wákàtí méjì ti tó o. Omi kejì ni ti odò fúnra rẹ̀, tó máa ń wá ní ìparí oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá, tí kì í sì í kánjú lọ. Ibi tí omi méjèèjì ti ń pàdé ara wọn ni gọ́tà.

Ẹ fara balẹ̀ bá mi gbọ́ ibí yìí, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ wa dúró lé. Gọ́tà tó ń kó omi òkè lọ sódò, etí odò ni ẹnu rẹ̀ ìsàlẹ̀ wà. Nígbà tí odò bá fà, omi inú gọ́tà á máa ṣàn lọ geere. Tí odò bá wá ga ju ẹnu gọ́tà lọ, omi inú gọ́tà kò rí ibi lọ mọ́. Omi odò pàápàá á gba ẹnu gọ́tà yẹn wọlé, á máa gòkè bọ̀ láàrin àdúgbò, títí tí yóò fi dé ibi tí odò kì bá tí dé lọ́dún náà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ilé tó jìnnà sétí odò fi lè kún ṣáájú èyí tó sún mọ́ ọn. Wọ́n ní ohun èlò kan fún un níbi tí wọ́n ti ń ṣètò ìlú dáadáa: ilẹ̀kùn irin tàbí rọ́bà tí wọ́n ń so mọ́ ẹnu gọ́tà, tó ń ṣí nígbà tí omi bá ń jáde, tó sì ń pa dé fúnra rẹ̀ nígbà tí odò bá ń tì í láti ìta. Ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kò lè dá omi ọdún 2022 dúró. Àmọ́ kì í ṣe ọdọọdún ni 2022 ń ṣẹlẹ̀. Lọ́pọ̀ ọdún, omi kàn ń ga díẹ̀ ni. Gọ́tà tí wọ́n kó, ẹnu tó ní ilẹ̀kùn, ihò abẹ́ títì tí yẹ̀pẹ̀ kò dí, àwọn wọ̀nyí ló ń pinnu bóyá omi á dúró lójú títì tàbí yóò wọ yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn.

Ta ló wá ni gọ́tà náà? Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀ tó to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, dá wa lóhùn. Ó ka ojú títì, iná ojú títì àti gọ́tà mọ́ ohun tí káńsù gbọ́dọ̀ ṣe kí ó sì tún ṣe. Ó ka ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo gbòò, omi ẹ̀gbin àti kíkó ìdọ̀tí mọ́ ọn. Ọjà àti ibi tí wọ́n ń pa ẹran wà níbẹ̀. Ó tún ní kí káńsù bá ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ sí ètò ìlera. Àwọn bàbá wa kò nílò ìwé òfin láti mọ èyí. Wọ́n mọ wolé-wolé. Wolé-wolé á wọ àgbàlá, á ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà nínú rẹ̀, á wo kànga, á wo ṣáláńgá, á sì fún ẹni tó bá dọ̀tí ní ìwé ẹjọ́. Wọ́n ń bẹ̀rù rẹ̀, àwọn mìíràn ń bú u, ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ pé kí ó mọ ohun tó wà nínú àgbàlá kọ̀ọ̀kan. Lójú tèmi, ohun tí a pàdánù jù lọ nínú ìjọba ìbílẹ̀ nìyẹn: ẹni tó mọ àdúgbò.

Kí ló gba iṣẹ́ náà lọ? Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, Kogí wa náà kò gbẹ́yìn, ìjọba ìpínlẹ̀ dá àjọ ìmọ́tótó tirẹ̀ sílẹ̀, kíkó ìdọ̀tí sì bọ́ sọ́wọ́ àjọ náà. Òfin tún ní kí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ní àpò àpapọ̀ kan ní báńkì, níbi tí owó káńsù yóò máa gbà kọjá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni owó fi ń wọ àpò yẹn tí kì í sì í jáde bó ṣe wọlé. Lọ́jọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà, pé gómìnà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a dúró, káńsù tí ará ìlú kò sì dìbò yàn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan án. Ìmúṣẹ ìdájọ́ náà kò yá bó ṣe yẹ. Síbẹ̀ ìdájọ́ ni. Kogí dìbò ìjọba ìbílẹ̀ lọ́jọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún kan náà, nítorí náà a ní alága àti káńsẹ́lọ̀ tí a lè dárúkọ, tí a sì lè bá sọ̀rọ̀. Nínú 100 náírà tó bá wà nínú àpò ìpín àpapọ̀ ilẹ̀ wa, náírà 20 àti kọ́bọ̀ 60 ló jẹ́ ti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774. Owó yẹn kò lè kọ́ dáàmù. Ó lè kó gọ́tà. Ó lè san owó oṣù wolé-wolé.

Mo fẹ́ bọ́ sórí omi mímu, nítorí tí ẹ̀kún omi bá ti fà lójú títì, ojú àwọn oníròyìn á ti kúrò lára wa, ìgbà náà gan-an sì ni àìsàn ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí omi bá bo àdúgbò, kò mọ̀yàtọ̀ kànga sí ṣáláńgá. Á kún ṣáláńgá, á gbé ohun tó wà nínú rẹ̀ léfòó, á sì dà á sínú kànga tí ìyá àwọn ọmọ yóò ti fa omi nínú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí kò sí ẹ̀kún omi pàápàá, ilẹ̀ etí odò kò jinlẹ̀ kí á tó kan omi, ohun tó bá jò láti inú sókàwéè kò sì ní rìn jìnnà kó tó bá omi kànga pàdé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó máa ń sọ pé kí kànga jìnnà sí ṣáláńgá ní mítà 30. Ẹ wo àgbàlá yín. Lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń tà ní ìdajì-ìdajì pùlọ́ọ̀tì, níbo ni a ó ti rí mítà 30? Ìlànà omi mímu káàkiri àgbáyé sì ni pé nínú mílílítà 100 omi, kòkòrò ìgbẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ sí.

Lọ́dún 2021, àrùn onígbáméjì pa èèyàn tó ju 3,500 lọ ní Nàìjíríà. Omi àti ìgbẹ́ ló ń gbé e kiri. Ibà jẹ̀fun-jẹ̀fun kì í pariwo bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ilé ìwòsàn kékeré kan lágbègbè wa tí kò mọ̀ ọ́n.

Iléeṣẹ́ omi ńlá Lọ́kọ́ja tó ń fa omi Ọya wà lábẹ́ ìpínlẹ̀, ọ̀rọ̀ pé kí omi ẹ̀rọ dé Adankolo lójoojúmọ́ sì jẹ́ ti gómìnà. Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ káńsù kéré sí ìyẹn, ó sì yá jù ú lọ. Mo fẹ́ kí ẹ̀ka ìlera wọn mọ iye kànga àti bóhòólù tó wà ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì máa yẹ omi inú wọn wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àti nígbà tí odò bá fà. Àyẹ̀wò náà kò gba yàrá ìwádìí ńlá. Ìgò kékeré kan wà tí wọ́n ti ki bébà tí wọ́n rẹ sínú oògùn sí. A ó da omi kànga sí i, a ó gbé e síbi tó móoru. Bí ìgbẹ́ bá ti kan omi náà, inú ìgò á di dúdú láàrin ọjọ́ kan sí méjì. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ń kọ́ iṣẹ́ ìlera lè ṣe é fún odidi àdúgbò. Èyí tó bá ti dúdú, kí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí i, kí wọ́n fi kiloríìnì fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì padà wá tún un yẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí wọ́n ṣe fún ibi tí àwọn mẹ́ruwà tó ń ta omi kiri ti ń kún jẹ́ríkàn wọn, nítorí omi tí ọ̀pọ̀ ilé ń mu nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ìlú kan tó jọ tiwa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú kékeré kan wà tó ń jẹ́ Tewkesbury, ní àgbègbè Gloucestershire, níbi tí odò méjì, Severn àti Avon, ti pàdé. Ní oṣù keje ọdún 2007, odò méjèèjì kún lẹ́ẹ̀kan náà. Omi wọ iléeṣẹ́ omi ẹ̀rọ Mythe tó wà létí odò níbẹ̀, ẹ̀rọ dákẹ́, àwọn èèyàn 350,000 sì wà láìní omi nínú páìpù, àwọn mìíràn fún ọjọ́ 17. Orílẹ̀-èdè olówó ni o. Omi yí wọn ká lọ́tùn-ún lósì, wọn kò sì rí omi mu.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání. Nígbà tí wọ́n wádìí, ọ̀kan nínú ohun tó hàn ni pé ọ̀pọ̀ gọ́tà ló wà tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ni wọ́n. Onílẹ̀ ń nàka sí káńsù, káńsù ń nàka sí àjọ mìíràn. Ní ọdún 2010 wọ́n ṣe òfin tuntun, wọ́n sì yan ìjọba àgbègbè, èyí tó sún mọ́ irú ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, ṣe olórí lórí ọ̀rọ̀ àgbàrá àti omi abẹ́ ilẹ̀. Iṣẹ́ méjì nínú òfin yẹn wù mí gidigidi. Èkíní: kí ìjọba àgbègbè ní ìwé àkọsílẹ̀ kan, tí ará ìlú lè ṣí kà, níbi tí ohun tó lè ní ipa ńlá lórí ẹ̀kún omi wà, gọ́tà, ihò abẹ́ títì, ògiri etí odò, kí ó sì tún ṣe àkọsílẹ̀ ẹni tó ni wọ́n àti bí ipò wọn ṣe rí. Èkejì: bí omi bá ya wọ ilé àwọn èèyàn, tí ìjọba àgbègbè sì rí i pé ó yẹ, kí ó wádìí rẹ̀, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àjọ báyìí ló yẹ kó ṣe nǹkan, ó ṣe é tàbí kò ṣe é, kí ó sì tẹ ìwé náà jáde fún gbogbo ayé.

Omi kò tíì ṣíwọ́ yíyalé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ nígbà tó bá ya tó fi gba ìwádìí, ìwé á jáde, àwọn èèyàn á kà á. Àwa, láti 2012, kí ni a rí gbà lẹ́yìn ẹ̀kún omi kọ̀ọ̀kan? Ìrẹsì, mátírẹ́ẹ̀sì, kúbùsù, àti fọ́tò àwọn èèyàn pàtàkì tó wọ bàtà òjò. Ẹni tí ebi ń pa nílò ìrẹsì, n kò ní kí wọ́n má pín in. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹnì kan jókòó, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé gọ́tà tó gba ẹ̀gbẹ́ ilé 500 kọjá, ọjọ́ báyìí ni wọ́n kó o kẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ wà níbi báyìí, ó dí tàbí kò dí. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá ti wà ní sẹkitéríàtì, kí wọ́n gbé e síta kí á rí i. Bí kò bá sí, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú Adankolo.

Àwọn ará Ìbàdàn mọ ohun tó ń gbẹ̀yìn ìjáfara. Odò Ogunpa ya wọn lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, ó gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀mí lọ. Lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún pa èèyàn tó lé ní 100 nínú ìlú kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìpínlẹ̀ wọn tó yá 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé láti tún ojú odò àti afárá ṣe. Gbèsè tí ọmọ wọn yóò san ni. Ìbàdàn ní ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá, odò sì ń ti inú ọ̀kan kọjá sínú èkejì. Tiwa kò tó bẹ́ẹ̀ le, nítorí káńsù kan ṣoṣo ló ni Lọ́kọ́ja láti Felele dé Adankolo.

Àwa ará àdúgbò náà ní tiwa. Ẹni tó kọ́ ilé sójú ọ̀nà omi, tó sì da yẹ̀pẹ̀ kún ilẹ̀ tí odò fi ń mí, omi tó yẹ kó dúró sílẹ̀ rẹ̀ ló tì sílé aládùúgbò rẹ̀. Àwọn tó ń ta irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ̀, àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ náà mọ̀. Ètò ìlú wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n káńsẹ́lọ̀ tó ń kọjá lọ́nà yẹn lójoojúmọ́ lè rí ìpìlẹ̀ kó tó di ògiri, kó sì kọ̀wé. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí à ń jù sínú gọ́tà, ọwọ́ tiwa ló ń jù ú.

Ní báyìí, bí a ó ṣe bèèrè. Láti ọdún 2011 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà tó fún ọmọ ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀wé béèrè fún àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba. Òfin náà kò ní kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni ọ́fíìsì ní láti fèsì. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń jà pé òfin náà kò kan àwọn, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ó kan gbogbo ìjọba, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nítorí náà, ẹgbẹ́ onílé, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọlọ́jà, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, ẹ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí káńsù. Ẹ má kọ ọ́ ní oṣù kẹsàn-án nígbà tí omi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, tí kò sẹ́ni tó lè wọ gọ́tà mọ́. Oṣù kọkànlá ni kí ẹ kọ ọ́, nígbà tí odò ń fà, tí wọ́n sì ń ṣètò owó ọdún tó ń bọ̀. Ẹ béèrè ohun mẹ́ta: àkọsílẹ̀ gọ́tà wọ́ọ̀dù yín àti ọjọ́ tí wọ́n kó o kẹ́yìn, èsì àyẹ̀wò omi kànga àti bóhòólù, àti iye owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún méjèèjì. Kí káńsẹ́lọ̀ yín gba ẹ̀dà kan. Kí wọ́n fọwọ́ sí èyí tó wà lọ́wọ́ yín pé àwọn ti gbà á, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbà á.

Tí ọjọ́ méje bá pé, ẹ mú èsì tí wọ́n bá fún yín, tàbí lẹ́tà tí wọn kò fèsì sí, wá sí iléeṣẹ́ rédíò yìí. A ó kà á sórí afẹ́fẹ́.